Àmì Méjì Lórí Dodo

Báàgì méjì ni ìyá mi gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìgbà ìsinmi tí mò ń wí yìí. Aṣọ wọn wà nínú ọ̀kan. Òfo ni ìkejì. Wọ́n gbé èyí tó ṣófo sí ẹ̀gbẹ́ àga nínú pálọ̀ wa ní Limawa, ní Minna, wọ́n ṣí zíìpù rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àlàáfíà ilé. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ni báàgì náà wá ṣe. Gbogbo wa la mọ̀. Ẹrù ọmọ mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìlá, ni wọ́n fẹ́ kó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnu báàgì náà ṣe fẹ̀ tó, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ìbá wọ̀ ọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà kò pọ̀. Orí fóònù ló ti dá a. Bí ìyá mi bá pè ní àárọ̀, ọmọ á gba fóònù lọ́wọ́ mi, á ní, "Ina kwana, Kaka!" Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ àdúgbò wa ṣe ń kí ìyá àgbà wọn. Ìyá mi gbọ́ Hausa jù mí lọ. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n fi ta aṣọ ní ọjà Kure níbí kí wọ́n tó padà sílé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti pinnu pé àwọn kò gbọ́ ọ mọ́.

"Iná wo?" ni wọ́n á bi í. "Iná ibo ló ń jó láàárọ̀ kùtù yìí?"

"Kaka, mo ní ẹ káàárọ̀ ni."

"Kàkà kí wọ́n máa pè mí ní kaka, kí wọ́n kúkú má pè mí mọ́. Fún ìyá ẹ ní fóònù."

Bí mo bá gba fóònù náà, ẹjọ́ kan náà ni. Ọmọ ti di Gàm̀bàrí. Kó wá bá àwọn gbé. Ilé-ẹ̀kọ́ wà lẹ́yìnkùlé àwọn, ọdún mẹ́fà péré, Yorùbá rẹ̀ á là. Èmi á ní, "Mo ti gbọ́, mà." Láti ìgbà tí mo ti hu eyín ni mo ti ń fi "Mo ti gbọ́, mà" dá ìyá mi lóhùn.

Ó yẹ kí n sọ pé wọ́n ti di ẹrù tèmi náà sínú irú báàgì bẹ́ẹ̀ rí. Minna ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ìyá mi kan náà fi mí ránṣẹ́ sí ìyá tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n lè gbọ́ Yorùbá. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀, mo sì gbọ́ ọ. Ní ọdún àkọ́kọ́, bí mo bá ti ya ẹnu ní kíláàsì, wọ́n á pariwo pé, "Gàm̀bàrí ti dé!" Nítorí náà mo pa ẹnu mi dé, mo sì gbájú mọ́ ìwé. Mo mọ àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ gbogbo bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Nígbà tí mo fi ka ìwé mẹ́wàá tán, Yorùbá mi ti dá ṣáká. Ẹni tí màá sọ ọ́ fún ló kù. Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, àwọn oníbàárà tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi máa ń rò pé mò ń bínú ni.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Maikunkele. Iṣẹ́ kì í pẹ́ wá sí i lọ́kàn bí ìyá ìyàwó rẹ̀ bá ti ń túnra jókòó. Ní ọjọ́ tí báàgì náà dé, ó dìde, ó ní fáìlì kan ń dúró de òun lọ́fíìsì.

"Ní ọjọ́ Sátidé?" ni ìyá mi bi í.

"Fáìlì náà ò mọ Sátidé, mà." Ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ náà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ́ ọ pé kó má ṣe pe kaka. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, ó sì kó gbogbo èyí tí mo kọ́ ọ jọ sẹ́nu.

"Màmá Àgbà, kí ni kí n ṣe kí ẹ tó gbà pé mo gbọ́ Yorùbá?"

Ìyá mi fi ẹsẹ̀ fa báàgì náà mọ́ra. "Pa ìtàn fún mi. Ìtàn ọdẹ ni mo fẹ́, èyí tó wọ igbó iwin lọ. Kó ní ìbẹ̀rẹ̀, kó ní ìparí. Mi ò gbọdọ̀ gbọ́ Hausa kan ṣoṣo nínú ẹ̀."

"Bí mo bá pa á ńkọ́, mà?"

"Bí oorun bá gbé mi lọ, o di ẹrù ẹ. Bí mo bá gbọ́ Hausa kan, o di ẹrù ẹ. Bí méjèèjì ò bá ṣẹlẹ̀, mo gbé báàgì mi, mo lọ. Kì í ṣe ọ̀la, ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a jẹun tán."

Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ ni ìyá mi máa ń sùn lórí ìjókòó kí ẹnikẹ́ni tó palẹ̀ àwo mọ́. Àdéhùn náà kò gún rárá. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n bu omi wá, mà."

Ní ọjọ́ Ajé ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó ti ka ìtàn ọdẹ méjì mẹ́ta tí mo ní nílé, inú sì ń bí i sí àwọn ọdẹ náà.

"Mọ́mì, kí ló dé tí wọ́n máa ń fọ́nnu tó báyìí? Kí wọ́n tó yìnbọn, wọ́n á kọ́kọ́ ki ara wọn fún odindi ojú ewé méjì. Ṣé ẹranko náà ò ní ti sá lọ ni?"

"Ó ń gbádùn oríkì," ni mo wí.

"Orúkọ wọn gùn ju ọ̀nà Bida lọ." Ó gbé ojú sókè, ó ń wo orí pẹpẹ tí mo to ọjà sí, láti ibi ọṣẹ dé ibi páálí magí, títí dé ibi ike gàrí. Ó wá rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín tó rín nìyẹn ní ọjọ́ tó gé orí ìgbálẹ̀ mi tó sì pè é ní bùrọ́ọ̀ṣì.

"Mọ́mì, ṣé Dẹ́tọ́ọ̀lù lè jẹ́ orúkọ ènìyàn?"

"Omi apakòkòrò ni."

"Bí mo bá fi Adé síwájú ẹ̀ ńkọ́? Adétọ́ọ̀lù."

Mò ń wọn ìrẹsì fún ẹnì kan lọ́wọ́. Mo ní láti dà á padà kí n tún un wọ̀n. Adétọ́ọ̀lù. Kò sí ohun tó ṣe orúkọ náà. Bí wọ́n bá pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnì kan á dìde.

"Ọmọ ọba ni," ni ọmọ mi wí, ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Bí wọ́n bá ṣá a ní àdá, egbò rẹ̀ kì í kẹ̀."

Bí ìlú kan ṣe kúrò lórí pẹpẹ mi tó wọ inú ìwé nìyẹn. Bàbá Adétọ́ọ̀lù ni Ọba Gàrí. Ní Hausa, ìlú ni wọ́n ń pè ní gari, sarkin gari sì ni ọba ìlú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ọmọ mi, ọba kan ni tó máa ń wú bí wọ́n bá ti bu ìyìn díẹ̀ lé e lórí. Olórí ogun rẹ̀ ni Balógun Pánpàsì, tó fi ìlédìí ọmọ jòjòló jẹ́ orúkọ. Bó ti wù kí ẹ̀rù bà á tó lójú ogun, kò sẹ́ni tó rí i rí pé ó sá lọ tọ̀. Ó ti múra sílẹ̀ láti ilé. Oníṣègùn ààfin wá ń jẹ́ Magíni. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló fi sínú àgbo rẹ̀ tó fi dùn tó báyìí, á mi orí, á ní, "Magí ni."

Ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró. "Hausa nìyẹn. Magani ni wọ́n ń pe oògùn. Màmá Àgbà ní àwọn ò gbọdọ̀ gbọ́ Hausa."

"Haba, Mọ́mì! Magí ni." Ó na ìka sí páálí tó wà lókè. "Ṣé Hausa ni? Kí ni ẹ̀yin ń pè é bí ẹ bá ń tà á?"

Mo wo páálí náà. Lábẹ́ òfin, ọmọ náà jàre.

Ó parí rẹ̀ ní ọjọ́bọ̀. Ojú ewé mọ́kànlá ni, kò sì sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ kankan. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ìhòòhò bí adìẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun tún un kọ, kí n fi àmì sí i, kí ahọ́n òun má baà kọsẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka àmì. Bí ó bá ti rí i lórí ọ̀rọ̀, ibi tó bá ní kó gbà ló máa ń gbà, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn.

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ dé. Mo pààrọ̀ bírò. Mo jókòó sẹ́yìn káńtà, mo sì kọ ọ́ bí ẹni tó tún fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Mi ò jẹ́ kí ọkọ̀ di ọkọ́, mi ò jẹ́ kí ọ̀run di ọrùn. Ní ojú ewé kẹsàn-án ni ọ̀gá iwin inú igbó jáde, èyí tó ń pa àwọn ọdẹ jẹ. Orúkọ tí ọmọ mi fún un ni dodo. Mo fi àmì méjì lé e lórí láì gbé ọwọ́: dòdò. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Gàrí wà nílẹ̀, magí wà nílẹ̀. Kí ló lè dé tí iwin náà kò ní jẹ́ dòdò? Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, lẹ́yìn káńtà. Mo ní ibẹ̀ yẹn ló dùn jù nínú ìwé náà.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, ìyá mi fúnra wọn ló ní tùwó ìrẹsì ni kí n rò, oúnjẹ tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá jẹ ẹ́ yó, oorun ni yóò fi ṣe ẹran. Wọ́n ti gbàgbé Hausa, ṣùgbọ́n ikùn wọn kò gbàgbé. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n sì pa ojú dé. Báàgì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó la ẹnu. Ọkọ mi yan àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú ìwé tí mo kọ.

"Ní ìlú kan báyìí," ó bẹ̀rẹ̀, "ọba kan wà tó ń jẹ́ Ọba Gàrí."

Ìyá mi la ojú kan. "Gàrí wo? Ti Ìjẹ̀bú àbí tiwa?"

"Tiwa ni, mà. Ó máa ń wú."

"Ẹ̀hẹ́n." Ojú kejì là.

Nígbà tó kan Adétọ́ọ̀lù, wọ́n ní orúkọ náà dára, pé àwọn mọ ìdílé tó ń jẹ́ ẹ. Nígbà tó kan Balógun Pánpàsì, omi tí ọkọ mi ń mu gba imú jáde. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń fi etí ìbòrí wọn nu ẹnu léraléra. Ó wá kan oníṣègùn.

"Kí lo pè é?"

"Magí ni, mà."

"Magani, àbí?"

"Rárá, mà. Magí. Ni."

Ìyá mi wo ọmọ, wọ́n wo èmi náà. Èmi ń wo fáànù. "Lọ́yà ni wọ́n bí," ni wọ́n sọ. "Máa kà á lọ."

Wọn ò sùn. Mo ti ń rò ó lọ́kàn mi pé a ti gbà á. Ọmọ náà ṣí ojú ewé kẹsàn-án, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé àmì mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Nígbà náà ni ilẹ̀ mì tìtì. Èéfín gba gbogbo igbó. Dòdò jáde! Ara rẹ̀ pọ́n, ó gbóná, òróró ń kán lára rẹ̀. Gbogbo ọdẹ tó rí i ló ń gbé itọ́ mì."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu ìyá mi. Ẹ̀rín ọjà Kure ni, èyí tí mo ti gbọ́ kẹ́yìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n máa ń rín láti ìsọ̀ kan dé ìsọ̀ kejì. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn, awò ojú wọn yọ, ó já bọ́ sínú báàgì.

"Dòdò! Yéè! Ṣé ó pọ́n dáadáa? Ẹ̀wà ńkọ́? Ṣé ẹ̀wà ń tẹ̀ lé e bọ̀?"

Ọmọ náà dúró. Gbogbo ibi tó kù nínú ìtàn náà, ẹ̀rín ló kọ ọ́ fún. Ibẹ̀ yẹn nìkan ló fẹ́ kí ẹ̀rù ti bà wọ́n. Nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ kò lè dá lọ sẹ́yìnkùlé. Ó wo ìyá mi, ó sì fi ẹsẹ̀ janlẹ̀.

"Haba, Kaka! Dodo ne fa!"

Gbogbo ohun tí òfin kọ̀ ló kó sínú gbólóhùn kan. Ọkọ mi wo ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Dodo ni Hausa ń pe abàmì inú ìtàn, òǹrorò ńlá tó ń gbé ènìyàn mì. Kò sí ọmọ Minna tí wọn kò fi dẹ́rù bà rí. Èmi náà ti sá fún un wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rí, kí n tó pé ọdún mọ́kànlá. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti lọ gbàgbé rẹ̀.

Ìyá mi ti dẹ́kun ẹ̀rín. Wọ́n na ọwọ́ sínú báàgì, wọ́n ń wá awò ojú wọn. "Mo gbọ́ ọ," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo yín náà gbọ́ ọ. Àdéhùn ni àdéhùn."

"Òun kọ́, mà."

Gbogbo wọn yíjú bí ẹni pé fíríìjì ló sọ̀rọ̀. Èmi ni.

"Èmi ni mo fi àmì sí i, mà. Ó kọ ọ́ láìní àmì. Ó fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù. Èmi ni mo sọ ọ́ di ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Ìwọ? Ìwọ ò mọ dodo ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mà. Ẹ wá rán mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Mo rò pé mo ti parí ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí tèmi. "Èyí tí ẹ rán lọ kọ́ Yorùbá ló ba ìtàn jẹ́, mà. Èyí tí kò lọ síbì kankan ló fi èdè méjì ṣeré tí ẹ ò fi sùn lórí tùwó. Bó bá jẹ́ pé dandan ni kí ẹ kó ẹnì kan sínú báàgì yẹn, èmi ni kí ẹ tún kó. Tèmi ló kù díẹ̀ káàtó."

Ọwọ́ ìyá mi ṣì wà nínú báàgì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mú awò ojú náà jáde. Wọ́n nù ún, wọ́n fi í sójú, wọ́n wò mí.

"Bí o ṣe lè sọ̀rọ̀ nìyí?" ni wọ́n bi mí. "Látọjọ́ yìí?"

Mo ti sọ ti ọdún yẹn tán.

Wọ́n yíjú sí ọmọ náà. "Ìwọ. Báwo ni wọ́n ṣe pa á?"

Ọmọ náà fa ikun imú. "Pa ta ni, mà?"

"Dodo náà. Àbí o fẹ́ fi mí sílẹ̀ sínú igbó?" Dodo gidi ni wọ́n pè, bí àwọn ará Minna ṣe ń pè é.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé ni pé Adétọ́ọ̀lù ta á lọ́fà láyà. Ọmọ náà wo ojú ewé náà, ó sì pa ìwé dé.

"Ọba Gàrí ní kí wọ́n má ta á lọ́fà. Ó ní kí Balógun Pánpàsì dì í mú. Wọ́n bó o. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́. Magíni bu iyọ̀ sí i..."

"Magí ńkọ́?"

"Wọn kì í fi magí sí dòdò, mà."

"Òótọ́ ni."

"Ará ìlú wá jẹ ẹ́ kó tó jẹ wọ́n. Ó parí."

Ìyá mi mi orí bí adájọ́. "Ó ní ìparí," ni wọ́n wí. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti báàgì náà sẹ́yìn àga, wọ́n sì sùn lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́rú ni wọ́n padà. Kí wọ́n tó lọ, a jọ lọ sí ọjà Kure, wọ́n ra òrí, wọ́n ra ẹ̀wà, wọ́n ra ìrẹsì, títí zíìpù báàgì kejì fi kọ̀ láti pa dé. Hausa ni wọ́n fi ná gbogbo rẹ̀. Ọlọ́jà kan ń pè wọ́n ní Hajiya, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ. Díákónì Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n. Ní ibùdókọ̀, nígbà tí mo ń bá wọn gbé ẹrù wọlé, wọ́n ní, "Ọdún mẹ́fà yẹn gùn, àbí?"

Mo ní, "Ó gùn, mà."

Wọ́n ní kí n sọ fún awakọ̀ kó má gbé nǹkan lé òrí àwọn lórí.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo mú ìwé ọmọ mi, mo ṣí ojú ewé kẹsàn-án. Mo fi abẹ ha àmì méjèèjì kúrò, díẹ̀díẹ̀, kí ìwé má baà ya. Nínú ojú ewé mọ́kànlá, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ tí mo yọ àmì lórí rẹ̀. Ẹni tó bá kà á dé ibẹ̀ ni kó pinnu fúnra rẹ̀, yálà kí ó jẹ dodo, tàbí kí dodo jẹ ẹ́.